Ìkéde Lórí Ẹsẹ̀ Kejì Bàbá Ògúnṣakin

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìrẹ́pọ̀, tọmọdé tàgbà, onílé àti àlejò, ẹni tó ń sùn kó jí jókòó, ẹni tó ń jà kó jọ̀wọ́ aṣọ ẹnìkejì rẹ̀! Agogo tó ń dún yìí kì í ṣe ti eré. Baálẹ̀ ló rán akéde yín níṣẹ́, ìgbìmọ̀ ìlú sì ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́, kó má sọ pé òun gbọ́.

Òfin tuntun dé lórí bí a ó ṣe máa yan ààrẹ ìlú. Òfin náà kò gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ìdí òfin náà, Baálẹ̀ sì ti pàṣẹ pé kí akéde sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má bù mọ́ ọn, kó má sì bù kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ ka iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ẹ gbọ́ o! Oríṣiríṣi ọ̀nà ni aráyé fi ń yan olórí. Ní orílẹ̀-èdè kan, aráàlú fúnra wọn ni wọ́n ń tẹ̀ka sórí ìwé. Ní òmíràn, àwọn aṣòfin ni wọ́n ń jókòó yan olórí ìjọba láàárín ara wọn. A gbọ́ pé ilẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí aráàlú ti ń dìbò yan àwọn tí yóò lọ dìbò, tí àwọn yẹn yóò wá lọ yan ààrẹ. A kò bú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwọn nìyẹn. Ní Òkè-Ìrẹ́pọ̀ níbí, bàtà ló ń yan ààrẹ.

Ìdí rẹ̀ kò le. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èèwọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí a tò sẹ́yìn ẹni tí a bá fẹ́, kí wọ́n wá máa kà wá ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, àwọn ìyá wọ inú ìlà, wọ́n fa àwọn ọmọ wọn tó ti hu irùngbọ̀n jáde, ìdìbò sì túká. Ọ̀gbẹ́ni Láyẹni ló wá ọgbọ́n dá sí i. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ìdìbò títí di òní. Ó ní kò sí èèwọ̀ kankan nínú kíka bàtà. Ó ní kí wọ́n gbé àga méjì sí pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn tó ń du ipò jókòó sórí wọn, kí olúkúlùkù bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́yìn àga ẹni tó bá wù ú, kí wọ́n wá ka bàtà. Ìlú pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbé e sọ́rùn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí ẹni tó rántí bi í pé bàtà mélòó.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin náà mọ ara yín. Ìlú tó máa ń wojú ni wá. Bí ẹni méjì bá pàdé lórí afárá tóóró, ẹni kìíní á ní, "Ẹ kọjá ná." Ẹnìkejì á ní, "Rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọjá." Oòrùn á wọ̀ bá wọn níbẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún ìyàwó ilé kan láàárín wa pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Omi là ń mu sí i. Báwo ni irú wa ṣe fẹ́ bọ́ bàtà sẹ́yìn ẹnì kan kí ẹnìkejì jókòó síbẹ̀ kó máa wò wá?

Nítorí náà, a bọ́ bàtà òsì sẹ́yìn ẹni kìíní, a bọ́ bàtà ọ̀tún sẹ́yìn ẹnìkejì. A kí àwọn méjèèjì. "Ẹ kú ìjókòó o, a ti dìbò fún yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa, àwa náà rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹnikẹ́ni kò purọ́. Àwọn tó ń du ipò gan-an bọ́ bàtà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ara wọn, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọ̀gbẹ́ni Láyẹni ka bàtà ẹ̀yìn àga kìíní, ó jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá. Ó ka ti èkejì, ó jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá. Ó tún un kà. Bàtà kò yí padà.

Ìgbà náà ni Bàbá Ògúnṣakin dé.

Ẹ mọ Bàbá Ògúnṣakin agẹgi. Ilé rẹ̀ ló wà lọ́nà odò, èyí tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni igi afàrà kan wó lu ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nínú igbó, tí wọ́n sì gé e lókè orúnkún. Látìgbà náà, igi ìtìlẹ̀ tó ń kì bọ abíyá ló fi ń rìn. Bó bá ra bàtà, ti òsì ló ń mú lọ. Á fi ti ọ̀tún sílẹ̀ fún oníbàtà. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó pẹ́ dé ni, nítorí ọ̀nà jìn fún ẹni tó ń fi igi rìn. Ó wo ẹ̀yìn àga kìíní, ó wo ẹ̀yìn àga kejì, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà kan kò ṣeé pín. Ó dúró títí àárẹ̀ fi mú apá rẹ̀, ó wá bọ́ bàtà òsì rẹ̀ sẹ́yìn ẹnì kan nínú wọn. Ààrẹ dé.

Báyìí ni Òkè-Ìrẹ́pọ̀ ṣe ń yan ààrẹ láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko. Gbogbo ìlú á dìbò, Bàbá Ògúnṣakin á yan ààrẹ.

Ẹ gbọ́ o! Apá ibi tó kàn yìí kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n akéde kì í fo orí ọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì tí ààrẹ àkọ́kọ́ gorí àga, ẹ̀rọ omi ìlú bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lọ sílé ààrẹ. Ilé Bàbá Ògúnṣakin ni wọ́n wọ́ lọ. "Bàbá, ṣé ẹ rí ohun tí ẹ fà lé wa lórí?" Ààrẹ kejì yọ̀ǹda pápá bọ́ọ̀lù fún àna rẹ̀, àna gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Wọ́n tún lọ sílé Bàbá. Ààrẹ kẹta ní òun ń lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì lókè òkun, ó sinmi fún ọdún méjì. Wọ́n tún lọ. Ìyàwó Bàbá, Ìyá Àwẹ̀ró, kò lè lọ sódò mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti ronú pìwà dà.

Èyí tó dun Bàbá jù ni ti Bàbá Jìmọ́ọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn méjèèjì fi jọ ta ayò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Jìmọ́ọ̀ kò wá. Ó ránṣẹ́ pé ojú ń ti òun láti máa bá ẹni tó ba ìlú jẹ́ jókòó. Bàtà òsì Bàbá Jìmọ́ọ̀ wà lẹ́yìn àga kìíní lọ́jọ́ ìdìbò, ti ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́yìn èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ohun kan wà tí ìlú kò sọ, tí Baálẹ̀ ní kí a sọ. Nígbà tí ẹ̀rọ omi bàjẹ́, Bàbá Ògúnṣakin kì igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ bọ abíyá, ó lọ jókòó sí ojúde ààrẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló lọ. Ó ní, "Èmi ni mo fi ọ́ síbẹ̀, èmi ni n ó sì bi ọ́." Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lórí ọ̀rọ̀ pápá, wọ́n sì hú ẹ̀gẹ́. A mu omi náà. A gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá náà. A kò dúpẹ́.

Ó sú Bàbá. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kì í ṣe olórí ni òun fẹ́ jẹ́, kì í sì í ṣe afọbajẹ. Òun kàn fẹ́ jẹ́ ẹnì kan láàárín ìlú, tí wọn kò ní máa tọ́ka sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọkùnrin tó gé igi tó tó ilé, tí igi gba ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi gbẹ̀san, tí kò sunkún, sunkún lórí ọ̀rọ̀ bàtà.

Ẹ gbọ́ o! Ọdún ìdìbò tún dé. Àwọn méjì ló jáde. Àkọ́kọ́ ni Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní, tó gbẹ̀bí ìdajì ìlú yìí, tó sì mọ ẹni tó ké jù nínú wa. Èkejì ni Alàájì Bùsárì oníbúlọ́ọ̀kù, tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń gbé ìyàwó wa lọ sílé ọkọ, tó sì ń gbé òkú wa wálé láti ìdálẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣẹ èyí? Ta ló fẹ́ ṣẹ tọ̀hún? Lẹ́tà kan sì ti dé pé tiransífọ́mà iná wà fún ìlú yìí, bí ààrẹ bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ìlú tí kò bá ní ààrẹ, wọn á gbé tirẹ̀ fún ìlú mìíràn.

Inú oṣù yẹn kan náà ni Mosúnmọ́lá, ọmọbìnrin Bàbá Ògúnṣakin tó wà ní Àkúrẹ́, ránṣẹ́ sílé. Ó ní àwọn dókítà kan ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kí bàbá òun wá kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, èmi náà máa ní bàtà méjì. N ó bọ́ òsì síbí, n ó bọ́ ọ̀tún sọ́hùn-ún. N ó kí àwọn méjèèjì, n ó máa lọ sílé. Wọn ò tún ní rí mi bá wí mọ́ láyé." Kì í ṣe rírìn ló kọ́kọ́ rò. Akéde yín bẹ̀ yín, kí ẹ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ìyá Àwẹ̀ró sọ fún ẹnì kan ṣoṣo. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Láyẹni ti gbọ́, ó sì ti gbé oúnjẹ rẹ̀ tì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò rẹ̀ sára ògiri pálọ̀. Bàtà ẹ̀yìn àga kìíní yóò jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínlógún. Ti ẹ̀yìn àga kejì yóò jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínlógún. Kò ní sí ààrẹ. Kò ní sí tiransífọ́mà. Ó pe ìgbìmọ̀ jọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan dábàá pé bóyá kí olúkúlùkù mú bàtà kan ṣoṣo wá. Wọ́n wò ó títí ó fi jókòó. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá ni. Ó ní kí wọ́n má bínú, oorun ló ń kun òun. Ní ọjọ́ kẹta, òfin jáde, akéde yín sì ké e yí ìlú ká. Ẹ rántí rẹ̀.

Èkíní: Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kankan kò gbọdọ̀ wọ Òkè-Ìrẹ́pọ̀ títí ìdìbò yóò fi parí, ì báà jẹ́ ti igi, ì báà jẹ́ ti irin, ì báà jẹ́ ti rọ́bà. Ẹni tó bá mú un wọlé, ẹsẹ̀ kan ni yóò fi rin ìlú yìí ká fún ọjọ́ méje.

Èkejì: Oníbàtà kankan kò gbọdọ̀ ta bàtà ọ̀tún fún Bàbá Ògúnṣakin. Kò gbọdọ̀ yá a. Kò gbọdọ̀ fi hàn án. Ẹni tó bá rú òfin yìí, a ó kó gbogbo bàtà ọ̀tún inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà sódò, kó máa ta ti òsì.

Ẹ̀kẹta: Ẹ̀ṣọ́ ìlú yóò dúró lẹ́nubodè. Wọn yóò tú gbogbo àpò, agbọ̀n àti garawa wò, bóyá ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́ran tó bá gbé ẹsẹ̀ màlúù wọlé, kó fi pátákò rẹ̀ hàn.

Ẹ̀kẹrin: Kí gbogbo ìlú máa bọ̀wọ̀ fún Bàbá Ògúnṣakin títí di ọjọ́ ìdìbò. Lẹ́yìn ọjọ́ ìdìbò, kí olúkúlùkù ṣe bó ti wù ú.

Òfin náà ní kí akéde kà á sétí Bàbá fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Akéde yín lọ sí ojúde rẹ̀, ó lu agogo, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mi orí, ó ní kí ìyàwó òun bu omi fún akéde, oòrùn mú. Akéde mu omi náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìdìbò, Bàbá Ògúnṣakin kì igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ bọ abíyá, ó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Òfin kò sọ pé kó má jáde. Ìgbìmọ̀ wo inú ìwé òfin títí, wọn kò rí i níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ìdìbò. Láti àárọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ti wà lẹ́nubodè, Kàmọ́rù ni olórí wọn. Wọ́n tú ogójì àpò. Wọ́n tú agbọ̀n adìẹ. Wọ́n ń bá ẹlẹ́ran kan fa ọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ màlúù tí wọ́n ti bó pátákò rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin àgbà kan dé, ó wọ ṣòkòtò gígùn, ó wọ bàtà méjì, ó ń rọra fi ọ̀pá kékeré rìn. Ó kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá àlejò." Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n bá súwẹ́tà àti búrẹ́dì níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ Bàbá Ògúnṣakin pẹ̀lú igi lábíyá. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì kò lè jẹ́ òun. Inú ẹrù ni wọ́n ní kí wọ́n ti wá ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n wò ó lábẹ́ ènìyàn. Kàmọ́rù tilẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú kọjá kòtò, ó sì kí i pé kó dé ilé ire.

Ní pápá, gbogbo wa ti dìbò tán. Ọ̀gbẹ́ni Láyẹni ti kà á: ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì, ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn Alàájì. A dúró láìwọ bàtà lórí iyanrìn gbígbóná, à ń wo ọ̀nà. À ń retí igi ìtìlẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì la rí.

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Láyẹni, kò mú un. Baálẹ̀ ká ọwọ́ lérí, ó ń fojú inú wo tiransífọ́mà tó ń lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n Bàbá Jìmọ́ọ̀ rìn lọ pàdé rẹ̀, ó dì í lápá mú, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa gbọ́: "Ògúnṣakin, o ti bọ́ o. O ti di ọ̀kan nínú wa." Ojú Bàbá kún fún omi. Ọdún méjìlá ló ti ń dúró de ọ̀rọ̀ náà.

Ó jókòó sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bá a bọ́ bàtà, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Ó bọ́ ti òsì, ó dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní, ó gbé e kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bọ́ ti ọ̀tún, ó pẹ́ díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tuntun kò tíì mọ ìkúnlẹ̀. Alàájì Bùsárì ti tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo wa ti yíjú sí ọ̀dọ̀ Alàájì. Bàbá dúró pẹ̀lú bàtà ọ̀tún lọ́wọ́. Ó sọ fún akéde yín lẹ́yìn náà pé òun wo ẹ̀yìn àga méjèèjì, òun wo bàtà gbogbo wa, òun wá ọ̀kan nínú wọn tó sọ nǹkan kan, òun kò rí. Ó ní òun wò ó pé bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́ lọ́la, ta ni yóò lọ jókòó sí ojúde ààrẹ? Ta ló ní ẹnu rẹ̀?

Ó tẹ̀ ba, ó gbé bàtà ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òsì.

Obìnrin kan ní, "Bàbá, ẹ ti ṣì í. Ọ̀hún ni ti ọ̀tún." Bàbá ní òun kò ṣì í. Ọ̀gbẹ́ni Láyẹni rọra súnmọ́ ọn, ó bi í pé kí ni Alàájì ṣe fún un. Bàbá ní, "Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ènìyàn rere ni. Mo gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ní àwọn máa ṣe, ti Nọ́ọ̀sì ló wù mí. Bí kò bá ṣe é, mo mọ ilé rẹ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn." Ó wá yíjú sí wa. Kò gbóhùn sókè. "Ọdún méjìlá ni mo fi rò pé ẹsẹ̀ kan tí mo ní ni kò jẹ́ kí n dà bíi yín. Ẹsẹ̀ ti pé méjì báyìí. Ẹ má bínú, mi ò fẹ́ dà bíi yín mọ́."

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní wọlé pẹ̀lú bàtà méjì. Alàájì Bùsárì dìde, a rò pé ó fẹ́ bínú. Ó bọ Bàbá lọ́wọ́. Ó ní nínú gbogbo ìlú yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ kí òun mọ ohun tó rò nípa òun. Ti àwa tó kù, kò sí bí òun ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Bàbá bá bàtà rẹ̀ méjèèjì lójú kan, ó wọ̀ wọ́n, òun àti ìyàwó rẹ̀ forí lé ọ̀nà ilé. Àwa wà níbẹ̀ di ọ̀sán gangan, à ń wá òsì níbí, à ń wá ọ̀tún lọ́hùn-ún.

Ẹ gbọ́ o! Òfin tuntun nìyí. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lánàá, wọ́n sì fẹnu kò.

Èkíní: Ẹ̀sùn pé Bàbá Ògúnṣakin mú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọ ìlú. Ó jẹ̀bi. Ìjìyà rẹ̀ ni kó fi ẹsẹ̀ kan rin ìlú ká fún ọjọ́ méje. Bàbá ní òun ti fi ẹsẹ̀ kan rìn ín fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìgbìmọ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n gbà pé ó ti jẹ ìyà náà ṣáájú, wọ́n sì rí i pé ìlú ló jẹ ẹ́ ní gbèsè ọjọ́ tó lé.

Èkejì: Láti òní lọ, ẹni tó bá wù lè bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn àga kan. Kì í ṣe àrífín mọ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pín in, kó pín in. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́, kó má lọ sílé Bàbá Ògúnṣakin, kó má lọ sílé ẹnikẹ́ni. Kó wọlé ara rẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn, kó bá bàtà rẹ̀ wí.

Ẹni tó bá rú òfin yìí, ìjìyà rẹ̀ nìyí: yóò dúró ní pápá ilé-ẹ̀kọ́, níwájú gbogbo ìlú, yóò sọ èrò ọkàn rẹ̀ síta. Ìgbìmọ̀ ronú títí, wọn kò rí ìjìyà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí Baálẹ̀ rán akéde dé nìyẹn. Èyí tó kù yìí, ẹnikẹ́ni kò rán an. Akéde yín bọ́ bàtà òsì rẹ̀ sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ní Sátidé, ó bọ́ ti ọ̀tún sẹ́yìn Alàájì Bùsárì, ó sì kí àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ló wù ú. Láti ọjọ́ tó ti jáde ló ti wù ú. Ogún ọdún ó lé ni akéde yìí ti ń fi ohùn rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri ìlú, kò sì sí ọjọ́ kan tó fi sọ tirẹ̀. Ó ti sọ ọ́ báyìí.

Baálẹ̀ ló wí, akéde ló gbé e, ìlú ló gbọ́. Agogo dákẹ́ o.